Kí Ẹ Tó Ra Ilé Tí Ẹ Fẹ́ Fi Gbowó ní Ajégúnlẹ̀ Tàbí Àpápá

Ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí tó bá rówó kó jọ ló máa ń fẹ́ ra ilé tí yóò máa mówó wọlé fún ìdílé rẹ̀. Àdúgbò tí ilé kò ti fi bẹ́ẹ̀ wọ́n, bí Ajégúnlẹ̀, lojú wọn sì máa ń lọ. Haláàlì lowó ilé, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká yẹ nǹkan mẹ́rin wò.

Àkọ́kọ́ ni ìwé ilẹ̀. Láti ọdún 1978 tí Òfin Lílo Ilẹ̀ ti dé, ọwọ́ gómìnà ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà. Rìsíìtì ọmọ onílẹ̀ nìkan kò tó. Ẹ gbé sọ́fè ilé náà lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General ní Alausa, kí ẹ mọ̀ bóyá ìjọba ti fàmì sí ilẹ̀ náà. Ní July 1990, ìjọba wó Màrókò. Ní February 2013, wọ́n wó ilé ní Badia East, tí kò jìnnà sí Àpápá. Ẹni iwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n.

Èkejì ni omi. Ilẹ̀ Ajégúnlẹ̀ rẹlẹ̀. Ìgbà òjò ni kí ẹ lọ wolé, kì í ṣe ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ wo àpá omi lára ògiri, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ ìyá tó ń tajà níwájú ilé.

Ẹ̀kẹta ni òfin. Òfin ayálégbé ti Ìpínlẹ̀ Èkó, ti ọdún 2011, kan Ajégúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ó yọ Àpápá sílẹ̀, pẹ̀lú Ìkòyí, Victoria Island àti Ikeja GRA. Níbi tí òfin náà ti múlẹ̀, onílé kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Bí kò bá sí àdéhùn mìíràn, oṣù mẹ́fà ni nótíìsì ẹni tó ń san owó ọdọọdún. Nítorí náà, ẹ má fi owó ọdún méjì ṣírò.

Ẹ̀kẹrin ni ìṣirò. Ká fi ṣàpẹẹrẹ: ilé oníyàrá mẹ́wàá tí ẹ rà ní ₦30,000,000, tí yàrá kan ń mú ₦15,000 wá lóṣù. Bí yàrá méjì bá ṣófo, ₦1,440,000 ló kù lọ́dún. Ẹ yọ ₦440,000 fún páànù, ṣalángá àti owó agbẹjọ́rò: ó ku ₦1,000,000. Ọgbọ̀n ọdún ni owó yín yóò fi padà. Bó bá wá jẹ́ owó èlé lẹ fi rà á, ẹ̀ṣẹ̀ àti àdánù ti pàdé.

Sàká kò sí lórí ilé fúnra rẹ̀. Owó ilé tó bá pé nísáàbù, tó sì lo ọdún kan lọ́wọ́ yín, ẹ yọ ìdá kan nínú ogójì rẹ̀. Tálákà ni ọ̀pọ̀ ayálégbé yín: ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀, ẹ pe ẹlẹ́rìí, ẹ má sì ju ẹrù ẹnikẹ́ni síta láìgba kóòtù.