Bàtà Ọdẹ: Ta Ló Kọ́kọ́ Rán Rọ́bà Mọ́ Awọ?

Ìtàn bàtà ni mo gbé wá lónìí. Kì í ṣe bàtà òde ìnáwó o, bàtà ọdẹ ni, èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń wọ̀ wọ inú igbó nígbà ìwọ́wé, tí wọ́n bá ń dọdẹ ẹran ńlá bí àgbọ̀nrín, elk àti moose. Akọ moose tó bá dàgbà dáadáa lè wọ̀n ju 500 kílò lọ. Ẹni tó ń wá irú ẹran bẹ́ẹ̀ yóò rìn nínú àbàtà, yóò gun òkè, yìnyín sì lè bá a lójú ọ̀nà. Tí omi bá wọ bàtà rẹ̀ ní ibi tó jìnnà sílé, òtútù lè ba ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ pátápátá. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí ọdún 1911, ní ìlú Freeport, ìpínlẹ̀ Maine. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Leon Leonwood Bean. Aṣọ ló ń tà, àmọ́ ìgbẹ́ dídẹ ni ọkàn rẹ̀ wà. Gbogbo ìgbà tó bá ti oko ọdẹ dé, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti rin gbingbin.

Bàtà aláwọ fúyẹ́, ó sì máa ń gba ọrùn ẹsẹ̀ mú dáadáa, àmọ́ tó bá ti wọ àbàtà, omi wọlé nìyẹn. Bàtà rọ́bà ní tiẹ̀ kì í gba omi láyè, àmọ́ ó wúwo, ó sì máa ń mú kí ẹsẹ̀ làágùn. Bean wá ronú pé, kí ló dé tí mi ò lè pa méjèèjì pọ̀? Ó mú ìsàlẹ̀ bàtà rọ́bà, ó gbé e fún aránbàtà, ó ní kó rán awọ mọ́ ọn lókè.

Ní 1912, ó wá orúkọ àwọn ọdẹ tó ń ti ìpínlẹ̀ mìíràn wá gba ìwé àṣẹ ọdẹ ní Maine, ó sì fi ìwé ìpolówó ránṣẹ́ sí wọn. Ó ṣèlérí pé tí bàtà náà ò bá tẹ́ yín lọ́rùn, màá dá owó yín padà. Ó ta 100. Ẹ gbọ́ o, 90 ló padà wá! Rọ́bà náà kò lágbára tó, ó ń ya kúrò lára awọ níbi tí òwú gbà.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Ẹni 40 ọdún ni Bean nígbà yẹn. Ó dá owó gbogbo wọn padà, ó yáwó, ó wá rọ́bà tó dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì tún bàtà náà ṣe. Títí di òní, wọ́n ṣì ń ṣe é ní Maine. Nígbà tó di 1951, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Freeport bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí tọ̀sántòru, nítorí àwọn ọdẹ àti apẹja tó ń kọjá lóru.

Bean ti yanjú ọ̀rọ̀ omi. Ti orí àpáta ńkọ́? Ẹ bá mi dé Ítálì. Ní 1935, Vitale Bramani àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ gun òkè Punta Rasica. Ìjì yìnyín ká wọn mọ́, mẹ́fà nínú wọn sì kú. Nígbà yẹn, bàtà tí wọ́n kan ìṣó mọ́ nísàlẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn dé ìdí òkè, wọ́n á wá pààrọ̀ rẹ̀ sí bàtà fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń gun àpáta. Bàtà fẹ́lẹ́ yẹn kò lè kojú òtútù. Bramani bẹ̀rẹ̀ sí í wá àtẹ́lẹ̀ bàtà kan ṣoṣo tó lè ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Ní 1937, ó gbé àtẹ́lẹ̀ rọ́bà eléyín jáde, ilé iṣẹ́ Pirelli ló ràn án lọ́wọ́. Ẹ wo ìdí ọ̀pọ̀ bàtà ọdẹ òde òní, ẹ máa rí Vibram níbẹ̀: Vitale Bramani ni wọ́n gé kúrú.

Ó wá ku òógùn. Ní 1969, Bob Gore, ní Amẹ́ríkà, rí i pé tí wọ́n bá fa irú ike kan báyìí kíákíá, ó máa ń nà, ihò tíntìntín á sì wà lára rẹ̀. Ẹ̀kán omi ò lè gba inú ihò yẹn wọlé, àmọ́ ooru òógùn lè gba ibẹ̀ jáde. Òun ni Gore-Tex tí wọ́n ń fi sínú bàtà.

Ohun tí mo rí dì mú nínú ìtàn yìí ni pé kò sẹ́ni tó ṣe bàtà tó wà fún gbogbo ilẹ̀. Wàhálà kan pàtó ni kálukú wọn ń lé. Torí náà, ẹ̀yin èèyàn wa tí ẹ wà ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, tí ọ̀rẹ́ ibi iṣẹ́ bá pè yín lọ sígbó ọdẹ, ẹ kọ́kọ́ bèèrè irú ilẹ̀ tí ẹ fẹ́ tẹ̀ kí ẹ tó bèèrè iye tí wọ́n ń ta bàtà. Àbàtà Maine fẹ́ ìsàlẹ̀ rọ́bà. Òkè Colorado tí wọ́n ti ń dọdẹ elk fẹ́ àtẹ́lẹ̀ líle tó ní eyín, àti bàtà gíga tó gba ọrùn ẹsẹ̀ mú, torí pé tí ẹran bá ṣubú, ẹ̀yìn lẹ máa fi gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó fẹ́ jókòó sójú kan láti ìdájí nílò bàtà tó nípọn nínú. Ẹni tó fẹ́ rìn kò nílò ìyẹn, òógùn tó máa là níbẹ̀ ló máa padà di òtútù sí i lẹ́sẹ̀.

Ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn tí ẹ máa wọ̀ gan-an ni kí ẹ fi wọ bàtà náà wò ní ṣọ́ọ̀bù. Lẹ́yìn náà, ẹ fi rìn káàkiri àdúgbò fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Tó bá máa bó yín lẹ́sẹ̀, ẹ jẹ́ kó jẹ́ nítòsí ilé.

Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń palẹ̀ ẹrù mọ́.