Ta ló san owó ọkọ̀?

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n gba iṣẹ́ ìwádìí mi wọlé sí àpérò kan lókè òkun. Mo pariwo débi pé ẹni tí a jọ ń gbé yàrá sáré wọlé, ó rò pé mo rí ejò. Wẹ́fíà ni mí, ní ilé ìwòsàn ìjọba kan. Ohun tí mo kọ nípa rẹ̀ ni àwọn ìyá, ìyàwó àti ọmọ tó ń sùn sórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn nítorí pé èèyàn wọn wà ní wọ́ọ̀dù. Ojoojúmọ́ ni mò ń rí wọn.

Àwọn tó ṣe àpérò náà ní àwọn máa san owó ìforúkọsílẹ̀ àti ilé tí màá sùn. Owó bàálù àti ti físà, ọrùn mi ló wà. Mo yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa. Físà ò jáde. Lẹ́tà tí wọ́n kọ sí mi ò ju ìlà mẹ́rin lọ: kò dá wọn lójú pé màá padà sílé. Owó físà kì í padà, gbèsè alájẹṣẹ́kù náà ò sì gbọ́ àwáwí.

Lẹ́yìn tí mo sunkún tán, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé. Ìbéèrè kan ló gbé mi wọ inú ìtàn: láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń ṣèwádìí nípa ìlera àti ìgbé ayé wa, ta ló ń sanwó? Ta ló ń wọkọ̀ lọ bá ta? Ó gùn o. Ẹ wá nǹkan jókòó lé.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Yábà. Ní 1925, àjọ Rockefeller láti New York gbé àwọn onímọ̀ wá sí Èkó láti wá mọ ohun tó ń fa yellow fever, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní ibà pọ́njú. Owó wà, ọkọ̀ wà, wọ́n tiẹ̀ rí ọ̀bọ kó wá láti Íńdíà. Ní 1927 wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Asibi ní Gold Coast, ìyẹn Gánà òde òní. Àìsàn náà ń ṣe é nígbà yẹn, ara rẹ̀ sì yá lẹ́yìn náà. Inú ẹ̀jẹ̀ yẹn ni wọ́n ti rí kòkòrò náà mú. Àwọn olùwádìí pàápàá fi ẹ̀mí dí i: Adrian Stokes kú sí Èkó lọ́dún yẹn kan náà, Hideyo Noguchi, ọmọ Japan, kú sí Accra ní 1928. Àìsàn tí wọ́n ń wádìí ló pa àwọn méjèèjì.

Kòkòrò tó ti ara Asibi wá ni Max Theiler àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní New York fi ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n ń pè ní 17D. Theiler gba ẹ̀bùn Nobel ní 1951. Títí dòní, Asibi ni wọ́n ń pe irú kòkòrò yẹn nínú ìwé wọn.

Ẹ mọ yellow card tí wọ́n máa ń bèèrè ní pápákọ̀ òfurufú, àbí? Abẹ́rẹ́ yẹn ni ẹ̀rí rẹ̀ wà fún. Mo ti gba tèmi kí n tó mọ̀ pé físà ò ní jáde. Ó wà nínú dúrọ́ọ̀ mi báyìí.

Àwa wẹ́fíà náà ní ìtàn tiwa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gùn tó bẹ́ẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1940, Donald Faulkner, òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì, ni ìjọba fi ṣe olórí ọ́fíìsì wẹ́fíà l'Ékòó. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọkùnrin tó ń sùn ní ìgboro ló kọ́kọ́ wádìí. Ní 1940 gan-an ni wọ́n ṣe òfin kan ní Lọ́ńdọ̀nù tó ya mílíọ̀nù 5 pọ́n-ùn sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún ìdàgbàsókè gbogbo ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso, pẹ̀lú owó tó lè tó 500,000 pọ́n-ùn fún ìwádìí. Gbogbo ilẹ̀ yẹn ló máa pín in o, kì í ṣe Nàìjíríà nìkan. Lọ́ńdọ̀nù sì ni wọ́n ti ń pinnu ohun tó yẹ ní wíwádìí.

Ibi tí ìtàn yìí ti dùn mọ́ mi jù ni Abẹ́òkúta.

Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta ni, 1923 ni wọ́n bí i. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Birmingham, ó sì tún padà lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lọ kọ́ nípa àìsàn ọpọlọ. Nígbà tí wọ́n ní kó wá ṣe olórí ilé ìwòsàn Aro ní 1954, wọn ò tíì kọ́ ọ tán. Bẹ́ẹ̀dì ò sí, aláìsàn sì wà. Tó bá jẹ́ èmi ni, màá jókòó de kọngílá. Lámbò lọ bá àwọn ará abúlé tó yí ibẹ̀ ká, ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún àwọn aláìsàn ní yàrá. Àárọ̀ ni aláìsàn máa wá gba ìtọ́jú nílé ìwòsàn, tó bá yá á padà sí abúlé lọ bá wọn ṣe iṣẹ́ oko, á jẹun, á sùn síbẹ̀. Lámbò tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra, wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Ẹ rántí pé nígbà yẹn, ibi tí wọ́n ń kó alárùn ọpọlọ lọ ni Yábà, tí wọ́n ṣí ní 1907, ibi àtìmọ́lé ló sì jọ ju ilé ìwòsàn lọ.

Ohun méjì ló mú mi nínú ọ̀rọ̀ Aro. Èkínní ni owó. Wọ́n yá àwọn onílé ní abúlé lówó kí wọ́n lè kọ́ yàrá kún ilé wọn, àwọn aláìsàn sì ń san owó ilé fún wọn. Wọ́n fa omi ẹ̀rọ débẹ̀, wọ́n gbẹ́ ṣáláńgá. Ẹ rò ó wò: owó ìtọ́jú àti ti ìwádìí dé ọwọ́ màmá tó ní ilé alámọ̀. Èmi ò tíì rí ibi tí wọ́n ti kọ irú èyí sínú fọ́ọ̀mù owó ìrànwọ́ rí, mo sì ti kọ fọ́ọ̀mù tó pọ̀.

Èkejì ló fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi sunkún. Wọn kì í gba aláìsàn sí abúlé Aro láìjẹ́ pé ó kéré tán, ẹbí rẹ̀ kan bá a wá. Ẹbí yẹn ló máa se oúnjẹ, ló máa fọ aṣọ, ló máa mú un lọ sí ilé ìwòsàn láàárọ̀. Wọ́n ṣètò ibi tó máa sùn fún un. Lójú Lámbò, ara ìtọ́jú ni ẹbí. Níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, mẹ́gáàdì máa ń lé wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní aago mẹ́wàá alẹ́, wọ́n á sì tún yọ́ padà ní aago mọ́kànlá. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ gbé lọ sókè òkun nìyẹn o. Ẹnì kan ti dáhùn rẹ̀ ní nǹkan bí àádọ́rin ọdún sẹ́yìn, ní ibi tí mo lè wọ ọkọ̀ èrò lọ.

Ó tún wá ṣẹlẹ̀ pé ní oṣù kọkànlá 1961, Nàìjíríà ṣẹ̀ṣẹ̀ lé díẹ̀ lọ́dún kan tó gba òmìnira, àwọn oníṣègùn ọpọlọ ṣe àpérò gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ irú rẹ̀. Ibo ni wọ́n ti ṣe é? Abẹ́òkúta! Kì í ṣe Geneva, kì í ṣe Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn òyìnbó ló wọkọ̀ wá. Lámbò ló ṣètò ìwé ìròyìn àpérò náà, Ìbàdàn ni wọ́n sì ti tẹ̀ ẹ́ ní 1962. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí abúlé Aro ṣe ń ṣiṣẹ́, kò nílò kí ẹnikẹ́ni fi àwòrán hàn án lára ògiri.

Ní àkókò yẹn náà, Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà àti Aro jọ ṣe ìwádìí ní Abẹ́òkúta àti àwọn abúlé agbègbè rẹ̀, wọ́n sì fi ohun tí wọ́n rí wé ti àdúgbò kan ní Kánádà tí Alexander Leighton ti ṣe tẹ́lẹ̀. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1963. Èèyàn mẹ́fà ló kọ ọ́. Lámbò nìkan ni ọmọ ilẹ̀ wa nínú wọn, òun ni orúkọ rẹ̀ ṣe èkejì, lẹ́yìn Leighton. N kò ní kí a bínú sí wọn, iṣẹ́ gidi ni wọ́n ṣe. Àmọ́ mo kàn fẹ́ kí ẹ máa wo bí wọ́n ṣe ń to orúkọ.

Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́fà yẹn, Jane Murphy, kọ àpilẹ̀kọ kan sínú ìwé ìròyìn Science ní 1976. Àríyànjiyàn tó wà nílẹ̀ nígbà yẹn ni pé wèrè kì í ṣe àìsàn, orúkọ lásán tí àwọn òyìnbó ń lẹ̀ mọ́ èèyàn ni. Ó mú ọ̀rọ̀ Yorùbá náà gan-an, wèrè, ó fi wé ọ̀rọ̀ tí àwọn Yupik ń lò níbi tí yìnyín wà, ó ní àwọn méjèèjì ò tíì rí ara wọn rí, síbẹ̀ nǹkan kan náà ni wọ́n ń tọ́ka sí. Ọ̀rọ̀ tí awakọ̀ dáńfó fi ń bú mi ní Ọjọ́ta! Ó ti wọ Science kí wọ́n tó bí ìyá mi.

Ìbàdàn ló kàn. Láti 1992, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Indiana jọ ń wádìí àìsàn ìgbàgbé tó ń mú àwọn àgbà. Wọ́n wo àwọn Yorùbá ní Idikan, n'Ìbàdàn, wọ́n wo àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis. Amẹ́ríkà ló sanwó, láti ọwọ́ ẹ̀ka NIH tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọjọ́ ogbó. Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Ọ̀ṣúntókun ló ṣáájú níbí, ó kú ní 1995, kò rí ìparí rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéṣọlá Ògúnníyì àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń bá a lọ. Èsì tó jáde ní 2001 ni pé lọ́dún kan, nínú ọgọ́rùn-ún àgbà, 1.35 ni àìsàn náà ń ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ní Idikan. Ní Indianapolis, 3.24. Ó ju ìlọ́po méjì lọ. Ẹni tó wo Idikan nìkan ò lè rí ìyẹn, ẹni tó wo Indianapolis nìkan náà ò lè rí i.

Torí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé owó òkèèrè burú. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ibi tó ti wá náà ni wọ́n ti lè dá a dúró. Ní oṣù karùn-ún 2025, NIH kéde pé owó tó ń gba ọwọ́ yunifásítì Amẹ́ríkà kọjá sí ilẹ̀ mìíràn kò ní máa lọ bẹ́ẹ̀ mọ́, títí wọ́n á fi ṣe ètò tuntun. Ìkéde kan péré.

Ti físà náà, kì í ṣe èmi nìkan. Nígbà àpérò AIDS ní Montreal ní 2022, ọ̀pọ̀ ọmọ Áfíríkà ni wọn ò fún ní físà, tí àwọn mìíràn ò tiẹ̀ gbọ́ èsì rárá. Winnie Byanyima, ọmọ Ùgáńdà tó jẹ́ olórí UNAIDS, sọ pé díẹ̀ ló kù kí wọ́n má jẹ́ kí òun wọ bàálù ní Geneva. Tó bá jẹ́ olórí UNAIDS ló ń sọ bẹ́ẹ̀, kí ni ti wẹ́fíà tó ń san gbèsè alájẹṣẹ́kù?

Ohun tó wà nílé? TETFund máa ń sanwó àpérò fún olùkọ́ yunifásítì àti pólì ìjọba. Èmi kì í ṣe olùkọ́. CARTA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2008, ń ran àwọn tó ń ṣe PhD lọ́wọ́, Ìbàdàn àti Ifẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin tó bá kàn, ẹ wò ó. Láti 1979 sì ni àdéhùn ECOWAS ti fún wa láyè láti wọ Cotonou, Lomé àti Accra fún àádọ́rùn-ún ọjọ́ láìgba físà. Bọ́ọ̀sì wà ní Mile 2. Ó yà mí lẹ́nu pé n kò ronú kan ìyẹn rí, òkè òkun ṣáá ni mò ń wò.

Mo ti dá abstract mi kọ padà. Aro ló wà ní ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ báyìí. Mo fi ránṣẹ́ sí àpérò kan ní Accra lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sì ń retí èsì. Màmá kan tí mo fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò nígbà tí mò ń ṣe iṣẹ́ náà ṣì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọmọ rẹ̀ ò tíì kúrò ní wọ́ọ̀dù. Lánàá, ó bi mí pé, "Ànǹtí, ibi tí ẹ ní ẹ ń gbé ọ̀rọ̀ wa lọ, ṣé ẹ ti débẹ̀?"

Mo ní, "Ẹ má bínú, Mà. Mi ò tíì débẹ̀."