Òrùka Irin àti Àgbà tí Kò Sí Lọ́jà



Ní ilẹ̀ Yorùbá, irin kì í ṣe ohun èlò iṣẹ́ nìkan. Ẹlẹ́rìí ni pẹ̀lú. Títí di òní, ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ tó bá fẹ́ jẹ́rìí ní ilé ẹjọ́ lè fi irin búra lórúkọ Ògún, gẹ́gẹ́ bí Kìrìsìtẹ́nì ti ń fi Bíbélì búra, tí Mùsùlùmí sì ń fi Kùránì búra. Ìdí nìyẹn tí ẹnu fi yà mí nígbà tí mo kọ́kọ́ kà pé àwọn ẹnjiníà ilẹ̀ Kánádà náà ń jẹ́jẹ̀ẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àti pé òrùka irin ni àmì ẹ̀jẹ́ náà. Ìka ọmọńdinrín ọwọ́ tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n ń fi í sí, kí ó lè máa kan ìwé nígbàkigbà tí wọ́n bá ń ya àwòrán iṣẹ́. Àwọn ènìyàn kì í sábà sọ ìtàn òrùka yìí láìdárúkọ Afárá Quebec. Ìtàn afárá náà ni mo fẹ́ sọ lónìí, nítorí pé ó kọ́ mi ní ohun kan nípa ẹ̀bi tí n kò rí kọ́ níbòmíràn.

Odò Saint Lawrence fẹ̀, ó jìn, omi rẹ̀ sì máa ń di yìnyín nígbà òtútù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, àwọn ará Quebec fẹ́ afárá tí ọkọ̀ ojú irin yóò máa gbà kọjá lórí rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Phoenix Bridge Company ti Pennsylvania, ní Amẹ́ríkà, ló gba iṣẹ́ irin náà. Theodore Cooper, àgbà ẹnjiníà tí òkìkí rẹ̀ kàn, tó ń gbé ní New York, ni wọ́n fi ṣe olùdámọ̀ràn. Ní 1900, Cooper dábàá pé kí àlàfo tó wà láàárín òpó ńlá méjèèjì kúrò ní 1,600 ẹsẹ̀ bàtà, kí ó di 1,800. Ìdí rẹ̀ mọ́gbọ́n dání: àwọn òpó náà yóò sún mọ́ bèbè odò, níbi tí omi kò ti jìn tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ògo tún wà nínú rẹ̀. Afárá Forth ní Scotland, tí àlàfo rẹ̀ jẹ́ 1,710 ẹsẹ̀ bàtà, ló gba ipò kìíní láàárín irú rẹ̀ nígbà náà. Afárá tuntun yìí yóò gba adé lórí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ro ọ̀rọ̀ àlàfo yìí wò. Ẹni tó bá fẹ́ mú yàrá rẹ̀ fẹ̀ sí i gbọ́dọ̀ tún igi àjà rẹ̀ rò, nítorí igi tó gùn sí i wúwo sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni afárá ńlá: ẹrù tó wúwo jù lọ tó ń rù ni ara rẹ̀, kì í ṣe ọkọ̀ tó ń gun orí rẹ̀ kọjá. Wọ́n fa àlàfo náà gùn, ṣùgbọ́n wọn kò tún ìwúwo afárá ṣírò bó ti yẹ. Ní 1906, nígbà tí iṣẹ́ ti jìnnà, wọ́n rí i pé afárá náà wúwo ju ohun tí wọ́n fọkàn sí lọ. Bí wọ́n bá fẹ́ tún un ṣe, àfi kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Cooper pinnu pé irin náà yóò gbà á mọ́ra, iṣẹ́ sì ń lọ. Kò sí ẹlòmíràn tó lè bi í léèrè. Ní 1903, ẹnjiníà àgbà ìjọba ti dábàá pé kí ẹlòmíràn máa yẹ àwọn àwòrán iṣẹ́ náà wò lẹ́yìn Cooper. Cooper kò gbà, wọ́n sì ṣe bó ti fẹ́.

Àwọn baba wa ní, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ní Quebec, orí ọmọ ń wọ́, àgbà kò sì sí lọ́jà. Ara Cooper kò le. Lẹ́yìn 1903, kò fẹsẹ̀ kan ibi iṣẹ́ náà mọ́. Ọ̀dọ́ ẹnjiníà kan, Norman McLure, ni ojú rẹ̀ níbẹ̀. McLure lè wò, ó lè wọ̀n, ó lè kọ lẹ́tà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè dá iṣẹ́ dúró. Ilé-iṣẹ́ tó ni afárá ní ẹnjiníà àgbà tirẹ̀ ní Quebec, àmọ́ ẹni náà kò ṣe afárá tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ rí. Cooper ni gbogbo wọn ń wojú.

Ọ̀pá tí ẹrù bá wúwo jù fún kì í kọ́kọ́ ṣẹ́. Ó máa ń tẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1907, àwọn irin ńlá ìsàlẹ̀ tó ń ti ìwúwo afárá náà wá sórí òpó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Ní ọjọ́ 27, wọ́n wọn ọ̀kan nínú wọn. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, títẹ̀ rẹ̀ kò ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin íńṣì lọ. Ó ti wá di íńṣì méjì àti ìdá kan nínú mẹ́rin. Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀. Àwọn kan ní irin náà ti tẹ̀ kí ó tó kúrò níbi tí wọ́n ti ṣe é. McLure ní rárá. Yenser, olórí àwọn òṣìṣẹ́, kọ́kọ́ ní òun yóò dá iṣẹ́ dúró. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó yí ọkàn padà.

McLure wọ ọkọ̀ ojú irin, ó lọ bá Cooper ní New York. Ní ọjọ́ 29, Cooper gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó sì rí i pé ewu wà. Ó tẹ wáyà pé kí wọ́n má ṣe fi ẹrù kankan kún ti orí afárá títí wọn yóò fi gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n Phoenixville, níbi tí ilé-iṣẹ́ tó gba iṣẹ́ náà wà, ló tẹ wáyà sí. Kò tẹ̀ ẹ́ sí Quebec. McLure náà kò tẹ wáyà sí Quebec. Nígbà tí McLure dé Phoenixville ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ọ̀gá ibẹ̀ jókòó, wọ́n jíròrò, wọ́n sì fẹnu kò sí i pé kí ó di àárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ilẹ̀ kò mọ́ bá afárá náà. Lẹ́yìn aago márùn-ún ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an, nígbà tí iṣẹ́ òòjọ́ ń parí lọ, gbogbo apá gúúsù rẹ̀ wó, irin tó tó 19,000 tọ́ọ̀nù, láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 15. Nínú òṣìṣẹ́ 86 tó wà lórí rẹ̀, 75 kú. Nínú àwọn tó kú, 33 jẹ́ ọmọ Mohawk láti Kahnawake, ìlú kan lẹ́bàá Montreal tí àwọn ọkùnrin rẹ̀ gbajúmọ̀ nínú iṣẹ́ irin òkè. Ìtàn tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ni pé, lẹ́yìn ọ̀fọ̀ náà, àwọn obìnrin ìlú fi dandan lé e pé àwọn ọkùnrin wọn kò gbọ́dọ̀ tún kó ara wọn jọ síbi iṣẹ́ kan ṣoṣo mọ́.

Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta tí ìjọba Kánádà gbé kalẹ̀ jábọ̀ ní 1908. Wọ́n ní àwọn irin ìsàlẹ̀ yẹn ni kò lágbára tó, láti inú àwòrán iṣẹ́ wá. Wọ́n dárúkọ Cooper, wọ́n sì dárúkọ Peter Szlapka tó ya àwòrán náà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n fi kún un: àṣìṣe àwọn méjèèjì kò ti inú àìmọ̀ iṣẹ́ wá, kò ti inú àìbìkítà wá, kì í sì í ṣe pé wọ́n fẹ́ ṣọ́ owó ná.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti gún mi lọ́kàn. Bí ilé bá wó ní Èkó tàbí ní Ìbàdàn, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí a máa ń bi ara wa ni pé: ta ló jí sìmẹ́ńtì? Ìbéèrè náà tọ́, nítorí olè wà. Àmọ́ ó máa ń jẹ́ ká rò pé bí kò bá ti sí olè, kò sí ẹlẹ́bi. Ní Quebec, ìgbìmọ̀ kò rí olè. Ẹni tó rí ewu kò ní àṣẹ. Ẹni tó ní àṣẹ kò sí níbẹ̀. Ẹni tó gba wáyà ń dúró de ẹni tó ń bọ̀. Olúkúlùkù ṣe díẹ̀ nínú ohun tó yẹ, ó sì fi ìyókù sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ó ṣeé ṣe kí afárá náà wó síbẹ̀síbẹ̀. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan ṣoṣo, “Ẹ sọ̀ kalẹ̀,” ì bá ti mú àwọn ènìyàn kúrò lórí rẹ̀, kò sì sí ẹnì kan tó sọ ọ́.

Èdè wa ní ọ̀rọ̀ méjì tí a máa ń lò bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n: iṣẹ́ àti ojúṣe. Iṣẹ́ ni ohun tí wọ́n gbà wá sí, tí wọ́n ń sanwó rẹ̀ fún wa. N kò fẹ́ jiyàn lórí ìpilẹ̀ ọ̀rọ̀ kejì, ṣùgbọ́n ó dùn mọ́ mi pé “ojú” hàn nínú rẹ̀. Ènìyàn lè fi lẹ́tà ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn, bí Cooper ti ṣe. Ojúṣe ń fẹ́ ojú tó rí i, ó sì ń fẹ́ ẹnu tó lè sọ ọ́. McLure ní ojú, Cooper ní ẹnu, ọ̀nà tó wà láàárín wọn sì jìn jù.

Wọ́n tún afárá náà kọ́. Ní 1916, àárín rẹ̀ já bọ́ sínú odò nígbà tí wọ́n ń gbé e sókè, ènìyàn 13 sì tún kú. Ọkọ̀ ojú irin àkọ́kọ́ gba orí rẹ̀ kọjá ní 1917. Ó ṣì wà níbẹ̀ títí di òní. Ní 1922, Ọ̀jọ̀gbọ́n H.E.T. Haultain ti Yunifásítì Toronto dábàá ẹ̀jẹ́ fún àwọn ẹnjiníà. Rudyard Kipling, òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì, ló bá wọn kọ ọ́, wọ́n sì kọ́kọ́ jẹ́ ẹ ní Montreal ní 1925. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé irin afárá tó wó ni wọ́n fi rọ àwọn òrùka àkọ́kọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, mo rò pé mo mọ ìdí tí ìtàn náà kò fi kú. Àwọn ènìyàn fẹ́ kí irin tí ọ̀rọ̀ ṣojú rẹ̀ ṣe ẹlẹ́rìí. Ọmọ Yorùbá tó ti rí ẹni tó fi irin búra kò ní béèrè ìdí.

Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kàwé láti di ẹnjiníà, nọ́ọ̀sì tàbí olùkọ́, bí ẹ bá rí orí ọmọ tó wọ́ lọ́jà, ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ gbé e ná, kí ẹ tó máa wá àgbà lọ sí New York.

Ó dìgbà kan ná.