Ẹ̀kọ́ ààbò fún òṣìṣẹ́ òru: Ohun tí tábúlẹ́ẹ̀tì ṣe l'Óǹdó, àti ibi tí agbára rẹ̀ mọ

Bí wọ́n bá pe àwọn òṣìṣẹ́ ìlera sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí ààbò, òwúrọ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi í sí. Nọ́ọ̀sì tó ṣiṣẹ́ mọ́jú ń lọ sílé lásìkò náà, oorun ló kún ojú rẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kò sì lè fi aláìsàn sílẹ̀. Ní ìlú bíi Kuta, ìlú àwọn Òwu ní ìjọba ìbílẹ̀ Ayédire, nítòsí Ìwó, ọ̀rọ̀ náà tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta péré ló ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn ní ilé ìwòsàn kékeré, tí wọ́n wá pe gbogbo wọn sí Òṣogbo fún ọjọ́ méjì, ta ni yóò gbẹ̀bí aboyún tó bá rọbí lóru? Bó bá sì jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n pè, àgbọ́sọ ni àwọn yòókù yóò gbọ́.

Irú àìmọ̀ bẹ́ẹ̀ a máa pa ènìyàn. Ní ọjọ́ 20, oṣù keje, ọdún 2014, Patrick Sawyer gúnlẹ̀ sí Èkó láti ilẹ̀ Liberia pẹ̀lú àrùn Ebola lára. Ibà lásán ni wọ́n kọ́kọ́ pè é ní ilé ìwòsàn tí wọ́n gbé e lọ, nítorí náà àwọn tó kọ́kọ́ tọ́jú rẹ̀ kò wọ aṣọ ààbò tó yẹ. Ènìyàn 20 ni àrùn náà mú ní Nàìjíríà, 8 nínú wọn kú, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera sì pọ̀ nínú àwọn tó mú. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh, ẹni tó kọ̀ jálẹ̀ pé Sawyer kò gbọdọ̀ kúrò ní ilé ìwòsàn, kú ní ọjọ́ 19, oṣù kẹjọ, ọdún náà. Ní ọjọ́ 20, oṣù kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Ebola ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí.

Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni àwọn olùwádìí kan ti wá dán ọ̀nà mìíràn wò. Wọ́n kó ẹ̀kọ́ nípa Ebola sínú tábúlẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì gbé e tọ àwọn òṣìṣẹ́ lọ ní ilé ìwòsàn 14, dípò kí wọ́n ní kí àwọn òṣìṣẹ́ wá bá wọn. Wọ́n bi wọ́n ní ìbéèrè kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n tún bi wọ́n lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn 203 ló dáhùn lẹ́ẹ̀mejèèjì, obìnrin sì ni 185 nínú wọn. Nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí kò ju 26 lọ; àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ìgbèríko, irú àwọn tí a ń bá pàdé ní ilé ìwòsàn abúlé, ló jẹ́ 94. Nígbà tí èsì jáde ní ọdún 2016, ìmọ̀ wọn ti fi ìdá 11 nínú 100 lé sí i. Ibi tí ó ti hàn gbangba jù ni bí àrùn náà ṣe ń ran ènìyàn, àmì tí a fi ń mọ̀ ọ́n, àti bóyá a lè dènà rẹ̀.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà nínú èsì náà tó yẹ kí ẹ fojú sí dáadáa. Kí wọ́n tó rí tábúlẹ́ẹ̀tì rárá, 94 nínú 100 ti sọ pé àwọn ṣetán láti lo ohun èlò ààbò. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́, ó di 97. Kì í ṣe ọkàn ni kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹnu lásán ni wọ́n sì fi sọ ọ́. Ìbéèrè ni wọ́n dáhùn, kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni dúró tì wọ́n wo ohun tí ọwọ́ wọn ń ṣe.

Síbẹ̀, àǹfààní tó wà níbẹ̀ fún àwọn tó ń pààrọ̀ iṣẹ́ kò kéré. Ohun kan náà ni ọlọ́sàn-án àti olóru yóò gbọ́, láìsí pé ẹnì kan bù kún un tàbí yọ nínú rẹ̀. Ohun tó lè ṣẹlẹ̀ bí èyí kò bá sí, Chernobyl ni kí ẹ bi. Ní oṣù kẹrin, ọdún 1986, wọ́n fẹ́ ṣe àyẹ̀wò kan ní ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná ibẹ̀ lójú ọ̀sán. Àwọn tó ń pín iná ní Kyiv ní kí wọ́n dá a dúró ná, nítorí àwọn aráàlú ṣì nílò iná. Nígbà tí wọ́n yóò fi bẹ̀rẹ̀, àwọn tó ti gbára dì fún un ti lọ sílé, ó sì já lé àwọn tó gbaṣẹ́ ní ọ̀gànjọ́ lọ́wọ́. Kété lẹ́yìn aago kan òru ọjọ́ 26, ẹ̀rọ náà bú gbàmù. Òótọ́ ni pé ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ní àléébù, ṣùgbọ́n àwọn tó wà nídìí rẹ̀ kọ́ ni wọ́n ti pèsè sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà.

Láti ọdún 2017 tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti dá OpenWHO sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni irú ẹ̀kọ́ báyìí ti wà lọ́fẹ̀ẹ́, títí kan èyí tí wọ́n ṣe lórí ààbò òṣìṣẹ́ ìlera nígbà àrùn Kòrónà. Ọ̀fẹ́ yìí kò kan dátà o, bẹ́ẹ̀ ni kò kan iná tí a ó fi gba fóònù lágbára. Níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò ti dára, ó sàn kí ẹ̀kọ́ náà ti wà nínú ẹ̀rọ ṣáájú, bíi ti Oǹdó.

Apá kan sì wà tí fóònù kò lè kọ́ni tán. Ẹ wo bí a ṣe ń bọ́ ìbọ̀wọ́. A ó di ti àkọ́kọ́ mú níta, lọ́rùn ọwọ́, a ó fà á kí inú rẹ̀ di ìta, a ó sì ká a mọ́ àtẹ́lẹwọ́ kejì. Ìka tó ti ṣófo ni a ó wá kì bọ abẹ́ etí ìbọ̀wọ́ kejì, láìfara kan ìta rẹ̀, kí èyí náà lè yí padà bo àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ni a ó fọ ọwọ́. Ẹni tó wò ó nínú fídíò lẹ́ẹ̀mẹ́wàá ṣì lè fi ìka kan ibi tí kò yẹ nígbà tí oorun bá ń kùn ún ní aago mẹ́rin ìdájí. Ó nílò ẹni tí yóò dúró tì í, àti ìbọ̀wọ́ tí yóò fi kọ́ ọ.

Àsìkò tó dára jù fún èyí ni ìgbà tí olóru bá ń fa iṣẹ́ lé ọlọ́sàn-án lọ́wọ́, tí àwọn méjèèjì jọ wà lórí ìdúró. Ìṣẹ́jú 15 tó fún ẹ̀kọ́ kan. Kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó ti ṣe é sínú ìwé tí wọ́n fi ń gbaṣẹ́, kí wọ́n sì ka ìṣẹ́jú náà mọ́ wákàtí iṣẹ́, kí ó má baà jẹ́ inú oorun nọ́ọ̀sì ni wọn yóò ti yọ ọ́.