Ògiri Pupa ti Chasselay

Ní àríwá ìlú Lyon, nílẹ̀ Faransé, ìtẹ́ òkú kan wà lẹ́bàá Chasselay tí kò jọ èyíkéyìí tó wà nítòsí rẹ̀. Ògiri pupa tó ga ju mítà méjì ààbọ̀ lọ ló yí i ká, pẹ̀lú ilé ìṣọ́ ṣóńṣó tí igi yọ gọ́ngọ́ lára wọn, bíi ti àwọn mọ́ṣáláṣí àtijọ́ ní Màlì. Tata Sénégalais ni wọ́n ń pè é. Ibojì 196 ló wà nínú rẹ̀, 188 sì jẹ́ ti àwọn ọmọ ogun adúláwọ̀. Sẹ̀nẹ̀gàl ni Faransé ti dá ẹgbẹ́ ogun wọn sílẹ̀ lọ́dún 1857, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, gbogbo ilẹ̀ tó wà níkàáwọ́ rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ló ti ń kó ènìyàn, títí kan Dàhòmì, níbi tí àwọn ará Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ wà.

Ogun tí àwọn aláṣẹ Faransé ti fẹ́ pa tì ni wọ́n ní kí àwọn ọmọ ogun yìí jà. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà 1940, nígbà tí Jámánì ń gbógun ti Faransé nínú Ogun Àgbáyé Kejì, Pétain, olórí ìjọba Faransé, ti kéde lórí rédíò pé ìjà gbọ́dọ̀ dáwọ́ dúró. Wọ́n ti sọ pé àwọn ò ní jà nínú Lyon. Síbẹ̀, wọ́n pàṣẹ fún àwọn ọmọ ogun náà pé kí wọ́n dúró sí àríwá ìlú, kí wọ́n má sún sẹ́yìn. Wọ́n jà ní ọjọ́ 19, wọ́n tún jà ní ọjọ́ 20. Nígbà tí agbára wọn pin, àwọn tó kù ní Chasselay juwọ́ sílẹ̀.

Àwọn Jámánì ya òyìnbó sọ́tọ̀, wọ́n ya adúláwọ̀ sọ́tọ̀. Ọ̀gá àwọn adúláwọ̀ náà kan, Gouzy, ọmọ Faransé, yarí. Àwọn Jámánì yìnbọn fún un lẹ́sẹ̀. Wọ́n kó nǹkan bí 50 adúláwọ̀ lọ sínú pápá, wọ́n ní kí wọ́n máa sá lọ, wọ́n sì fi ìbọn orí ọkọ̀ ogun pa wọ́n. Ọkọ̀ gun orí àwọn mìíràn. Bẹ́ẹ̀, Jámánì ti tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn Geneva ti 1929, tó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe pa ẹni tí wọ́n mú lójú ogun.

Jean Marchiani, tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn ajagunfẹ̀yìntì ní ẹkùn Rhône, ló wá òkú wọn jọ láti oko àti ẹ̀bá ọ̀nà. Ó gba ilẹ̀ nítòsí ibi tí wọ́n ti pa wọ́n, ó sì kọ́ Tata síbẹ̀. Ọkọ̀ òfurufú gbé erùpẹ̀ wá síbẹ̀ láti Dakar ní Sẹ̀nẹ̀gàl. Ìwà ọmọlúàbí ni, kò sí àní-àní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Dakar kì í ṣe ilé fún ẹni tó wá láti Wagadugu.

Ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá 1942 ni wọ́n ṣí i, lábẹ́ ìjọba Vichy tó ń bá Jámánì ṣe. Lọ́jọ́ náà gan-an ni ọmọ ogun Amẹ́ríkà àti ti Gẹ̀ẹ́sì gúnlẹ̀ sí Àríwá Áfíríkà. Ní ọjọ́ 11, Jámánì wọ apá gúúsù Faransé, Lyon pẹ̀lú.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ka ẹ̀bi ìpànìyàn Chasselay sí SS, ẹgbẹ́ ológun Nazi, lọ́rùn. Àfi ìgbà tí ẹnìkan rí fọ́tò ìpànìyàn náà tí àwọn Jámánì fúnra wọn yà, tí òpìtàn Julien Fargettas sì gbé e yẹ̀ wò nínú ìwé tó gbé jáde lọ́dún 2020: àwọn ọmọ ogun lásán, àwọn awakọ̀ ogun, ló wà nídìí rẹ̀. Ní oṣù Kìíní 2022, wọ́n kan pátákó orúkọ 25 lára àwọn ọmọ ogun adúláwọ̀ náà mọ́ ibẹ̀. Inú àkọsílẹ̀ ni wọ́n ti wá orúkọ wọ̀nyí jáde.