Ọ̀sìn Ẹja nínú Àwọn Adágún Dáàmù Odò Citarum: Ìtàn Òdiwọ̀n tí a Rú

Ète bébà yìí ni láti ṣe àyẹ̀wò ìtàn ọ̀sìn ẹja nínú àwọn adágún tí dáàmù dá sílẹ̀ lójú odò Citarum, ní Ìwọ̀-Oòrùn Java, ní orílẹ̀-èdè Indonẹ́ṣíà. Èrò wa ni pé kì í ṣe ọ̀sìn fúnra rẹ̀ ló fa ìṣòro, bí kò ṣe òfin tí kò ní alábòójútó.

Dáàmù Saguling bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1985; ti Cirata tẹ̀ lé e ní 1988. Nítorí iná mànàmáná ni a ṣe kọ́ wọn, ṣùgbọ́n omi wọn bo ilé àti oko ìrẹsì ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdílé. Kí àwọn wọ̀nyí lè ríṣẹ́ ṣe, àwọn oníwádìí Yunifásítì Padjadjaran kọ́ wọn láti máa sin ẹja carp nínú àgò àwọ̀n tí ó léfòó.

Ètò náà so èso. Ṣùgbọ́n èrè rẹ̀ fa àwọn olówó láti Bandung àti Jakarta wá, ọ̀pọ̀ ọmọ ilẹ̀ sì di alágbàṣe wọn. Ní 2002, ìjọba fi òdiwọ̀n 12,000 àgò lélẹ̀ fún Cirata. Kí ọdún mẹ́wàá tó pé, iye wọn ti ju 50,000 lọ.

Oúnjẹ tí ẹja kò jẹ tán àti ìgbẹ́ wọn ń rì sí ìsàlẹ̀. Bí wọ́n ti ń jẹrà, wọ́n ń gba ọ́síjìn inú omi. Nígbà òjò, omi ojú adágún a tutù, a sì rì. Omi ìsàlẹ̀ tí kò ní ọ́síjìn a gòkè, ẹja a sì kú bẹẹrẹ. Òtítọ́ ni pé ìdọ̀tí ilé àti ti ilé-iṣẹ́ aláṣọ náà ń ṣàn wọ odò yìí. Ẹ̀bi kì í ṣe ti ọlọ́sìn nìkan.

Àwọn ọlọ́sìn dá ọgbọ́n àwọ̀n onípele méjì: carp lókè, epìyà nísàlẹ̀, kí epìyà lè jẹ oúnjẹ tí ó já bọ́. Ó dín ìdànù kù, ṣùgbọ́n kò lè borí ọ̀pọ̀ àgò. Ní 2018, Ààrẹ pàṣẹ ètò Citarum Harum láti tún odò náà ṣe. Yíyọ àgò kúrò sì wà lára iṣẹ́ rẹ̀.

Ní ìparí, àṣejù ni baba àṣetẹ́. Ó yẹ kí a ṣírò iye tí omi lè gbà kí àgò àkọ́kọ́ tó wọ inú rẹ̀, kí ìwé àṣẹ sì kọ́kọ́ jẹ́ ti àwọn tí ilẹ̀ wọn wà lábẹ́ adágún. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn tí omi gba oko wọn ni àtúnṣe yóò tún gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn.