Àwọn Ọ̀dọ́ Freetown, Ìgbálẹ̀ àti Ìṣọ́ Òru

Freetown, olú ìlú Sierra Leone, la fẹ́ yà sí lọ́tẹ̀ yìí. Ìlú náà kì í ṣe àjèjì sí wa. Ibẹ̀ ni àwọn Òyìnbó ti sọ ọ̀pọ̀ Yorùbá tí wọ́n gbà kúrò nínú ọkọ̀ ẹrú kalẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Àjàyí Crowther gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní 1822. Àkú ni wọ́n ń pe àwọn ènìyàn wa, nítorí "ẹ kú" tí kì í kúrò lẹ́nu wọn. Ẹgbẹ́ ọdẹ àti egúngún tí wọ́n gbé lọ ṣì wà níbẹ̀ títí dòní.

Ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ lórílẹ̀-èdè náà ní March 1991. Ní April 29, 1992, àwọn ọmọ ogun tí inú ń bí lé Ààrẹ Joseph Momoh kúrò lórí àléfà. Valentine Strasser tó di olórí kò ju ọmọ ọdún 25 lọ. Àwọn ọ̀dọ́ bọ́ sígboro láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ wọ́n: wọ́n kó pàǹtírí tó ti di òkìtì, wọ́n la gọ́tà, wọ́n ya àwòrán sára ògiri. Ìjọba wá fi Sátidé tó kẹ́yìn oṣù ṣe ọjọ́ ìmọ́tótó. Ẹni tó gbé Nàìjíríà láti 1984, láyé Buhari àti Ìdíàgbọn, mọ irú Sátidé bẹ́ẹ̀ dáadáa! Ṣùgbọ́n ní Freetown, àwọn ọ̀dọ́ ló kọ́kọ́ mú ìgbálẹ̀, kí ó tó di àṣẹ.

Àwọn ọ̀dọ́ yìí kan náà ló wá di olùṣọ́. Àwọn ológun mìíràn gba ìjọba ní May 1997. ECOMOG, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tí ọmọ Nàìjíríà pọ̀ jù nínú rẹ̀, lé wọn jáde ní February 1998. Láti ìgbà náà ni àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ti ń dúró ti ECOMOG lójú ọ̀nà, tí wọ́n ń yẹ àwọn tó ń kọjá wò. Ṣọ́jà tó ti Nàìjíríà wá kò mọ ọmọ onílé yàtọ̀ sí àlejò. Ọmọ àdúgbò ló mọ̀ ọ́n.

Waterloo, ìlú tí àwọn Àkú ti tẹ̀dó láyé àtijọ́, bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọlọ̀tẹ̀ ní December 1998. Ní January 6, 1999, wọ́n ya wọ Freetown láti ìlà-oòrùn. Wọ́n jó ilé ní Kissy àti Calaba Town, wọ́n gé ọwọ́ ènìyàn, wọ́n sì ń wá ọlọ́pàá kiri láti pa. Afárá Congo Cross ni ECOMOG ti dá wọn dúró. Lápá ìwọ̀-oòrùn, àwọn ọ̀dọ́ kò sùn lóru: ọmọ ta ni ọ́, òpópó wo lo ń gbé?

Ẹni tí kò bá rí ìdáhùn tó tẹ́ wọn lọ́rùn wọ wàhálà. Ìròyìn tí Human Rights Watch gbé jáde ní June 1999 sọ pé àwọn ECOMOG pa àwọn tí wọ́n fura sí láìṣe ẹjọ́, nígbà mìíràn nítorí pé ẹnìkan ṣáà nàka sí wọn. Wọ́n tún fẹ̀sùn kan àwọn olùṣọ́ ìlú. A kò rò pé ó yẹ kí á bo èyí mọ́lẹ̀ nítorí pé àwọn ọmọ wa wà nínú ECOMOG. Àwọn kan náà tó gba ìlú là ló ṣe é.

Nígbà tó yá, Ààrẹ Tejan Kabbah fi Keith Biddle, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá láti 1999 títí di 2003. Wọ́n dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ ní àgbègbè kọ̀ọ̀kan, níbi tí àwọn ará ìlú, ọlọ́jà, ọ̀dọ́ àti àwọn olórí ẹ̀sìn ti ń jókòó pẹ̀lú ọlọ́pàá, kí olùfisùn má baà tún jẹ́ adájọ́. Ogun parí ní January 2002.

Ní 2018, Julius Maada Bio, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ ológun 1992, di ààrẹ nípasẹ̀ ìbò. Ó dá Sátidé ìmọ́tótó padà, ó sì fi í sí Sátidé àkọ́kọ́ oṣù.